Ẹrù tí a kò gbọdọ̀ sọ̀ sójú ọ̀nà

Àwọn ẹlòmíràn nínú àwọn òǹkàwé wa yóò wí pé ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ yìí kò yẹ lẹ́nu katikíìsì. A kò ní bá wọn jiyàn, nítorí a tọ́ àwa náà dàgbà pé bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó wí pé òun ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó má sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé Deutarónómì sí orí kẹtàlélógún yóò rí i pé Mósè kò tijú ọ̀rọ̀ náà. Ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n wà lójú ogun pé kí wọ́n ní ibì kan lẹ́yìn ibùdó, kí olúkúlùkù sì mú ohun ìwalẹ̀ dání láti fi bo ohun tí ó bá ti ara rẹ̀ jáde. A ti ka ibẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi nígbà púpọ̀, a sì máa ń yára kọjá rẹ̀ kí wọ́n má ba à rẹ́rìn-ín. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni a tó mọ bí ohun náà ti wúwo tó.

Àbúrò wa, ọmọ ìyá wa tí a bí tẹ̀lé wa, ń gbé ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà olóyin bí ẹni tí ó wà ní Bódìjà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá kí wọn, àkókò náà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ìdúpẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú ìsinmi. Àbúrò wa sì wí pé òun fẹ́ mú wa lọ wo àfonífojì ńlá tí a ń pè ní Grand Canyon ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ọ̀nà náà ju 1,000 máìlì lọ. A rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni a ó wọ̀, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ, a rí ohun kan tí ó dúró níwájú ilé wọn bí ilé mìíràn.

Ọkọ̀ ni, ilé sì ni. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní RV; àwa yóò máa pè é ní ọkọ̀-ilé. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ibùsùn wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, ààrò gáàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amóhuntutù, balùwẹ̀ sì wà tí ènìyàn lè dúró wẹ̀ nínú rẹ̀ bí kò bá ju apá rẹ̀ kiri. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ bákan náà, ó mọ́ tónítóní; a ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdí rẹ̀ a sì là, omi a sì gbá ohun gbogbo lọ. Àwa tí a ti rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn láìmọye ìgbà, tí a mọ ohun tí ojú ènìyàn ń rí nígbà tí inú bá ń run ún nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ kò sì fẹ́ dúró, díẹ̀ ni ó kù kí a kọrin.

A kò tíì jáde kúrò ní Houston tán tí a fi bi àbúrò wa pé, “Níbo ni ó ń lọ?”

Ó ní, “Kí ni, Ẹ̀gbọ́n?”

A ní, “Ohun tí omi gbá lọ yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò lọ síbì kankan, Ẹ̀gbọ́n. A jọ ń lọ ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Àgbá mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Omi mímọ́ tí a ń mu tí a sì fi ń wẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Èkejì ni wọ́n ń pè ní àgbá omi eérú, nítorí àwọ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: omi ìfọbọ́ àti omi ìwẹ̀ ni ó ń gbà. Ẹ̀kẹta ni àgbá omi dúdú, a kò sì ní ṣàlàyé ìdí tí a fi pè é bẹ́ẹ̀. Ti ọkọ̀ wa gba gálọ́nù 30. Gálọ́nù omi kan wúwo ju póùn 8 lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé nígbà tí àgbá náà bá kún, ohun tí ìdílé kan ń gbé kiri lẹ́yìn ara wọn tó nǹkan bí póùn 250, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi ọkọ̀-ilé rin ìrìn àjò kò gbọdọ̀ ro ti ibi tí yóò sùn nìkan. Ó ní láti mọ ibi tí yóò da ẹ̀gbin rẹ̀ nù sí. Dump station ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní ibi ìdẹ̀gbinnù. Lójú ọ̀nà ńlá, pátákó búlúù a máa wà tí a ya ọkọ̀-ilé funfun sí, tí nǹkan sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí rẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọgbà tí àwọn èrò ń pàgọ́ sí ni ó ní in, ìbáà ṣe ti ìjọba, ìbáà ṣe ti ẹni kan. Àwọn ilé epo ńlá tí àwọn onítírélà ń yà sí a máa ní in pẹ̀lú, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó a sì san dọ́là díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn ó wà ní ibi ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ìlú mìíràn, ilé-iṣẹ́ tí ń wẹ omi ẹ̀gbin ìlú mọ́ ni ó ń gbà á lọ́wọ́ èrò. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtajà ńlá bí Walmart, tí púpọ̀ nínú wọn ń gba oníọkọ̀-ilé láyè láti sùn mọ́jú ní àgbàlá wọn, kì í ní in. Wọ́n fún ọ ní ibi oorun, wọn kò fún ọ ní ààtàn. Ìyàwó àbúrò wa ni ó ń wá gbogbo èyí nínú fóònù rẹ̀, bí a ti ń lọ, bí ẹni tí ń wá ibi tí omi wà nínú aginjù.

Ní ọjọ́ kejì, ní ìtòsí Fort Stockton, níbi tí ilẹ̀ Texas tẹ́ lọ rẹrẹ tí igi sì ṣọ̀wọ́n, a yà sí ilé epo kan. Àbúrò wa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Nígbà tí a dìde, ó ní, “Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n, irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ yín.” A sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó, a sì káwọ́ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ilé-ìwé.

Ihò kan wà nílẹ̀ tí a fi kọnkéré yí ká, ìdérí irin sì wà lórí rẹ̀. Àbúrò wa tú ìdérí tí ó wà lẹ́nu páìpù ìdí ọkọ̀, ó fa rọ́bà gbọọrọ kan jáde tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 3, ó há ẹnu kan mọ́ páìpù náà, ó ti ẹnu kejì bọ ihò ilẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó má ba à ta jáde. Lẹ́yìn èyí ni ó tó fa ọwọ́ àgbá dúdú. A gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí ó dákẹ́, ó tì í padà, ó sì fa ọwọ́ àgbá eérú kí omi ọṣẹ lè ṣan inú rọ́bà náà. Dúdú ni yóò ṣáájú, eérú ni yóò tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ṣe é sódì yóò máa gbé rọ́bà ẹlẹ́gbin kiri títí di ibòmíràn. Ẹ̀rọ omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà wà fún fífọ ibẹ̀ nìkan, a sì kọ ìkìlọ̀ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Rọ́bà tí a fi ń gba omi mímu kò gbọdọ̀ dé itòsí rẹ̀ láéláé.

Ó kọ́ wa ní ohun kan tí ó yà wá lẹ́nu. Àwa rò pé bí ènìyàn bá ti rí ibi tí a lè so ọkọ̀ mọ́ páìpù ilẹ̀, kí ó ṣí àgbá dúdú sílẹ̀ kí ó máa ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi yóò ṣàn lọ, èyí tí ó ki yóò kù sílẹ̀, yóò sì gbẹ bí ebè inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sàn kí a tì í títí yóò fi kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ó lè fi agbára jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣófo tán, a ó tún da omi díẹ̀ sí i pẹ̀lú oògùn rẹ̀. Oògùn náà pàápàá ní èèwọ̀ tirẹ̀: èyí tí a fi formaldehyde ṣe a máa pa àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, àwọn tí ń jẹ ẹ̀gbin nínú sọ́kàwéè, a sì ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ọkọ̀-ilé mìíràn ti dúró sẹ́yìn wa. Bàbá òyìnbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú ni ó ń wà á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí wa, ó wo àbúrò wa bí ó ti ń ká rọ́bà, ó sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kí ó gbé e sókè láti ìhà ọkọ̀, kí ó máa rìn bọ̀ sí ìhà ihò, kí omi inú rẹ̀ lè dà tán. Ìyàwó rẹ̀ wà lójú fèrèsé lókè, ó wọ yẹtí, ó ń mu kọfí. Nígbà tí ó kan bàbá náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì da ti ara rẹ̀ nù. Ojú kò tì í rárá. A wò ó títí.

Nígbà náà ni a rántí ìtàn kan tí ìyá wa máa ń sọ. Ní Èkó ìgbà èwe rẹ̀, àwọn agbépòó ni ń wá lóru gba ẹ̀yìnkùlé. Wọn a bo ojú wọn kí ẹnikẹ́ni má ba à dá wọn mọ̀, wọn a sì ru korobá ohun tí gbogbo ilé ti ṣe lọ. Àwọn ọmọdé a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrin èébú sí ọ̀kan nínú wọn láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin náà kò dá wọn lóhùn. Ó rọra sọ korobá rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ni korobá náà fi wà níbẹ̀. Ẹ̀rín ni ìyá wa máa ń fi sọ ìtàn náà, ẹ̀rín ni àwa náà sì máa ń rín. Àfi ní Fort Stockton ni ó tó yé wa pé ohun ìní wọn ni ọkùnrin náà dá padà fún wọn. Àwa náà ti gbẹ́ ṣàlángá rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ iṣẹ́ katikíìsì, pẹ̀lú ṣọ́bìrì, nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ihò ni a gbẹ́, a bò ó, a sì gbàgbé rẹ̀. A kò gbé e rí.

Nípa àfonífojì náà fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn ti kọ̀wé púpọ̀. Jíjìn rẹ̀ sísàlẹ̀ tó máìlì kan, ìwò rẹ̀ sì pa wá lẹ́nu mọ́, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí wa. Òru méjì ni a sùn ní ọgbà Mather ní etí gúsù rẹ̀, láàárín igi páìnì. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 7,000 ẹsẹ̀ bàtà, omi sì ń di yìnyín lóru. Kò sí páìpù tí a lè so ọkọ̀ mọ́ ní ọgbà náà, nítorí òtútù sì ni ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi fẹ́ jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà. Ti inú ọkọ̀ ni gbogbo wa ń lò. Ní òwúrọ̀ tí a ó padà, iná kékeré tí ń fi hàn bí àgbá ti kún tó ti ń gòkè lọ. Àbúrò wa ní kí a kọ́kọ́ lọ dà á nù. Àwa ni a wí pé kí a jẹ́ kí ó di iwájú, nítorí a fẹ́ wo Desert View kí oòrùn tó ga. Ìyàwó rẹ̀ ti rí ọgbà kan nínú fóònù tí a lè dà á sí bí a bá ń lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni a tó dé ọgbà náà. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn wí pé a ti pa omi ibẹ̀ títí òtútù yóò fi kọjá, kí páìpù má ba à bẹ́. Fóònù kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná àgbá ti pọ́n títí dé òkè, òórùn ti ń yọ wá láti ihò ìgbọ̀nsẹ̀, èyí àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ sì ń wí pé inú ń run òun. A ń lọ, ilẹ̀ ń ṣú. Ní ìtòsí Cameron, ní ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Navajo, ilẹ̀ pupa àti òkè pupa nìkan ni a ń rí, láìsí ilé kan. A rí ọ̀nà erùpẹ̀ kan tí ó yà sápá òsì.

A gbọdọ̀ sọ òtítọ́: àwa ni a kọ́kọ́ sọ ọ́. A ní, “Ẹ jẹ́ kí a yà síbí, kí a dà á nù. Ta ni yóò rí wa?”

Àbúrò wa ní, “Ẹ̀gbọ́n, òfin wà o.”

A ní, “Òfin kí ni, ní ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni a jẹ́, kò parí ọ̀rọ̀ náà, àbúrò wa sì yà bí a ti wí. Nígbà tí ó dúró, àwa gba iná àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé oore ni a ń ṣe fún un.

A bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ náà. Nínú àìmọ̀ wa, a kò tú ìdérí páìpù. Ọwọ́ àgbá dúdú ni a kọ́kọ́ dì mú, a sì ti ń fà á. Iná tí a gbé sílẹ̀ tàn lọ sórí erùpẹ̀, a sì rí ojú ẹsẹ̀ àgùntàn, wọ́n pọ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dojú kọ. A gbé iná sókè, a tọ ipa wọn pẹ̀lú ojú. Kò jìnnà ju ìsọ̀kò kan lọ tí omi wà, adágún kékeré tí a gbẹ́ fún ẹran láti mu, ìsàlẹ̀ ibi tí a wà gan-an. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Navajo ni kò ní omi ẹ̀rọ, àgbá ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ lọ pọn omi ní ọ̀nà jíjìn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí a mọ̀ kò ju pé àgùntàn kì í dá gbé.

A ti rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Ní abúlé tí a kọ́kọ́ rán wa sí lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, odò kan ni gbogbo ará ibẹ̀ ń pọn, afárá títì sì wà lórí rẹ̀ níhà òkè. Àwọn ọkọ̀ èrò tí ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ a máa dúró níbi afárá náà kí àwọn èrò lè sọ̀ kalẹ̀ ṣe tara wọn, nítorí kò sí ibòmíràn tí a pèsè fún wọn. Ènìyàn rere ni wọ́n. Wọn a máa juwọ́ sí wa bí wọ́n bá ń lọ. Ní ìgbà òjò ọdún kejì wa níbẹ̀, onígbáméjì wọ abúlé náà, a sì sin ọmọ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń bá wa lu agogo ilé-ìsìn. Kò sí ẹni tí a lè bá wí. Àwọn èrò ti dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwọn tí wọ́n ti ka ìtàn àrùn náà yóò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, nígbà tí ó pa ju 600 ènìyàn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà John Snow ni ó wí pé láti inú omi ẹ̀rọ Broad Street ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n àlùfáà kékeré kan nínú Ìjọ Áńgílíkà, Henry Whitehead, tí kò tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ dókítà náà gbọ́ níbẹ̀rẹ̀, ni ó ń lọ láti ilé dé ilé títí ó fi mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá: ìyá kan fọ aṣọ ìdí ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, ó sì da omi náà sínú ihò ẹ̀gbin ilé rẹ̀, ihò náà kò sì jìnnà sí kànga. Omi aṣọ ìdí ọmọ kan. Èyí tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ wa jẹ́ gálọ́nù 30.

A ti ọwọ́ náà padà, tàbí kí a wí pé a rò pé a tì í. A gòkè, a ní kí àbúrò wa máa wà á lọ. Kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ìyàwó rẹ̀ wí lóhùn kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá,” ojú sì tì wá ju bí ìbá ti tì wá bí ó bá bú wa.

Ó tó 50 máìlì láti ibẹ̀ dé Flagstaff. A dúró lẹ́ẹ̀kan nítorí ọmọ, ní ilé epo kan. Lẹ́yìn èyí ẹnikẹ́ni kò tún wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ibi tí ọ̀nà bá sì ti gbún ni a ń gbọ́ ẹrù wa tí ó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí a tó rí ilé epo àwọn onítírélà tí ibi ìdẹ̀gbinnù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àbúrò wa sanwó, ó ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀. A ní àwa ni a ó ṣe é. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Ẹ̀gbọ́n, kí ni àwọn ará ilé yóò gbọ́?” A ní kí ó di iná mú.

A tú ìdérí páìpù. Ọwọ́ tí a fà ní Cameron kò tíì tì tán. Ohun tí ó ti jò wá sínú páìpù láti ìgbà náà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà sórí bàtà wa, bàtà dúdú tí a fi ń dúró ka ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Àbúrò wa fò sẹ́yìn. Láti ojú fèrèsé ni a ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ, a kò sì bá wọn wí. A ti ọwọ́ náà dáadáa, a so rọ́bà, a da dúdú, a da eérú, a sì fi omi fọ gbogbo kọnkéré náà títí tí ìka wa fi kú nínú òtútù, kí ẹni tí yóò dé lẹ́yìn wa má ba à tẹ̀ ẹ́.

A kò tún wọ bàtà náà mọ́. Sálúbàtà àbúrò wa ni a wọ̀ padà sí Houston. Lẹ́ẹ̀mejì sí i ni a tún da àgbá náà nù kí a tó dé ilé; àwa ni a ń fa ọwọ́ rẹ̀, òun ni ó sì ń di iná mú.